Ọkọ mi ará Philippines fẹ́ fẹ̀yìntì sílé: ibo ni kí á gbé?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, nọ́ọ̀sì sì ni èmi àti ọkọ mi ní Ìlú Ọba. Ará Philippines ni, láti ìlú kékeré kan létí òkun ní àríwá ìpínlẹ̀ Iloilo. Àwa méjèèjì ti gba ìwé ọmọ Ìlú Ọba. Ọmọ ọdún 63 ni òun, èmi jẹ́ 61. Ó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ baba rẹ̀, níwájú òkun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Dumaguete ni kí á wá, àbúrò rẹ̀ ní Baguio ló dára jù nítorí pé ibẹ̀ tutù. Gbogbo rẹ̀ ló lẹ́wà nínú fọ́tò. Ibo ni kí á lọ, kí ló sì yẹ kí èmi ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn:

Ìyá, ẹ kú ìmúra. Kí n má fi yín sínú ìdúró: ẹ má kọ́lé sórí ilẹ̀ etí òkun yẹn. Inú ìlú Iloilo gan-an ni mo ní kí ẹ wá ibùgbé sí, tàbí ní Pavia tàbí Santa Barbara tó múlé tì í, kí ẹ sì háyà ilé gbé fún ọdún kan gbáko kí ẹ tó sanwó ra ohunkóhun.

Ọkọ yín lè má fẹ́ràn ìdáhùn yìí lójú ẹsẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, etí òkun tó ti ṣeré lọ́mọdé ló sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ òru nínú òtútù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan ibi tí òun yóò ti darúgbó, ẹni ọgọ́rin ọdún ló ń yan ibẹ̀ fún. Ẹni ọdún 63 ṣì lè gun àkàbà lọ tún òrùlé ṣe. Ó sì tún ń yan fún ẹnìkan ṣoṣo tí yóò kù nínú ilé lọ́jọ́ tí èkejì bá ṣáájú. Ẹ dákun, ẹ jọ ka ìdáhùn yìí pọ̀, nítorí orí nǹkan méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun. Nǹkan bí 20 ìjì líle ló ń wọ agbègbè tí PAGASA, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún Philippines, ń bójú tó lọ́dọọdún. Bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú wọn ló ń gba orí ilẹ̀ kọjá. Èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Yolanda, tí ayé mọ̀ sí Haiyan, dé ní ọjọ́ 8 oṣù November, ọdún 2013. Ó pa èèyàn tó lé ní 6,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Tacloban àti àyíká rẹ̀ ní Leyte, níbi tí omi òkun ti ya wọ ìgboro. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ni pé ìjì náà kò tán ní Leyte. Ó gba àríwá Cebu kọjá, ó sì tún kọlu ilẹ̀ ní Concepcion, ní àríwá Iloilo, àdúgbò ọkọ yín nìyẹn. Ní Estancia tó wà nítòsí ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, epo inú rẹ̀ dà sí etíkun, wọ́n sì ní láti kó àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kúrò. Ẹ bi ọkọ yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òrùlé ilé baba rẹ̀ lọ́dún náà. Bí òrùlé náà bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi bò ó padà.

Lẹ́yìn òkun, ilé ìwòsàn ni. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ̀ jù mí lọ ohun tí wákàtí kan jẹ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rú lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Láti Concepcion tàbí Estancia dé ìlú Iloilo lé ní 100 kìlómítà, ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ elérò, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ìrèké ń gbà. Nínú ìlú Iloilo, ilé ìwòsàn ńlá ju ẹyọ kan lọ: St. Paul's wà níbẹ̀, The Medical City wà ní Molo, ti ìjọba wà ní Mandurriao, ti yunifásítì West Visayas State sì wà ní Jaro. Jaro náà ni Iloilo Mission Hospital wà, tí àwọn ajíhìnrere Presbyterian láti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1901. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní gbogbo Philippines ní 1906. Ọ̀nà tí ọkọ yín àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ gbà dé ilé ìwòsàn òkè òkun, ìlú yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í là á.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló ṣòroó sọ jù, n ó sì sọ ọ́ bó ti rí. Balikbayan ni wọ́n ń pe ẹni tó ti òkè òkun dé. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò yàtọ̀ sí ojú tí àwa náà fi ń wo ará Lọ́ńdọ̀nù tó dé sí Ìjẹ̀bú-Òde: òun ni báǹkì, òun ni lọ́yà, òun ni yóò san owó iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, òun náà ni yóò ra àpótí òkú. Wọn kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Gbèsè ọpẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní utang na loob, jinlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ara ni kó lè kàwé kì í san gbèsè náà tán. Ọkọ yín kò gbọ́dọ̀ sá fún un, kò sì yẹ kí ẹ̀yin gbà á níyànjú láti sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé láàárín agbo ilé kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì. Ìrìn wákàtí mélòó kan dára fún ìfẹ́ ẹbí. Láti Iloilo, ẹ ó lè débi ọdún ìlú, ìsìnkú àti ìgbéyàwó, kí ẹ sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, kí ẹ sì padà sílé ara yín.

Ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi í léèrè orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Philippines, orúkọ bàbá bàbá tó ti kú láti ogójì ọdún ló ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá sì ní ìpín nínú rẹ̀, àwọn kan ní Manila, àwọn kan ní Dubai. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé ilẹ̀ ẹbí fún yín. Kí gbogbo àwọn ajogún tó fọwọ́ sí ìwé ìpín, kí wọ́n san owó orí ogún, kí ìwé tuntun sì jáde lọ́dọ̀ Registry of Deeds, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ má da ẹyọ bíríkì kan síbẹ̀. Kódà lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ kọ́ ahéré kékeré tí ẹ ó máa lọ sinmi sí, kó kọ́ ọ. Ilé tí ẹ ó darúgbó sí kọ́ nìyẹn.

Dumaguete ni mo fi ṣe ìkejì, kì í ṣe nítorí fọ́tò. Ìlú tó tura ni, yunifásítì Silliman wà níbẹ̀ láti 1901, ó sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọ̀ àjèjì kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Àbùkù rẹ̀ fún ẹ̀yin ni pé erékùṣù Negros ló wà, Panay, erékùṣù tí Iloilo wà, sì ni ẹbí ọkọ yín wà, òkun sì ya méjèèjì. Cebuano ni èdè ibẹ̀, Hiligaynon ni ti ọkọ yín. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún sọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà sílé, ó yẹ kó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lọ́jà. Bí àìsàn bá sì le gan-an, Cebu ni wọ́n sábà máa ń gbé aláìsàn Dumaguete lọ.

Baguio tutù lóòótọ́, nítorí nǹkan bí 1,500 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Òkè ni gbogbo ìrìn ibẹ̀, orúnkún ẹni ọdún 75 yóò sì fẹjọ́ sùn. Lásìkò òjò ilẹ̀ máa ń ya dí ọ̀nà, ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 16 oṣù July, 1990 sì wó ilé ìtura ńláńlá lulẹ̀ níbẹ̀. Erékùṣù Luzon ni Baguio wà, kò sì sí ẹbí ọkọ yín nítòsí yàtọ̀ sí àbúrò yẹn, tí òun náà ń dàgbà. Cebu ní ilé ìwòsàn tó dára jù lẹ́yìn Manila, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ ń tán agbára, ìjì Odette ti December 2021 mú iná àti omi lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ sì ba àríwá erékùṣù náà jẹ́ ní September 2025. Davao kì í sábà rí ìjì, àmọ́ ilẹ̀ máa ń mì níbẹ̀, ó sì jìnnà sí gbogbo ẹni tí ọkọ yín mọ̀.

Iloilo náà ní àléébù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyin pa á fún yín. Ní June 2008, ìjì Frank rọ omi lé ìlú náà lórí, odò Jaro sì kún bo ilé. Wọ́n ti la ọ̀nà omi ńlá kan láti ìgbà náà tó ń darí omi lọ sínú òkun, síbẹ̀ kò sí àdúgbò tí ẹ ó háyà ilé sí tí ẹ kò ní béèrè pé: níbo ni omi dé ní 2008? Àwọn àgbà yóò fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri. Ní ọjọ́ 2 oṣù January, 2024, iná lọ ní gbogbo erékùṣù Panay, ó sì tó bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà bọ̀ sípò. Ilé tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí agbára oòrùn, ẹ má wọ̀ ọ́, pàápàá bí ọ̀kan nínú yín bá ń lo ẹ̀rọ mímí lálẹ́. Ooru April àti May le. Ọmọ Nàìjíríà yóò fara dà á ju òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n ara tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Ìlú Ọba yóò kọ́kọ́ kígbe.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀ ni pé ìlú tí àgbàlagbà lè fi ẹsẹ̀ rìn ni. Wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí etí odò Iloilo, Esplanade ni wọ́n ń pè é, igi wà níbẹ̀, àwọn arúgbó sì ń rìn níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjà La Paz wà nítòsí, níbi tí ọbẹ̀ batchoy ti gbajúmọ̀. UNESCO fi Iloilo kún àwọn ìlú olóúnjẹ àràmàǹdà ní 2023, ẹni tó bá sì ti jẹun níbẹ̀ kò ní jiyàn. Ohùn àwọn Ilonggo, ìyẹn àwọn ará Iloilo, rọlẹ̀ débi pé àwọn ará Philippines yòókù ń sọ pé bí wọ́n bá ń bínú, bíi pé wọ́n ń kọrin ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí aya. Òfin ìpìlẹ̀ Philippines ti 1987 kò gba àjèjì láyè láti ní ilẹ̀. Ọkọ yín, nítorí pé wọ́n bí i ní ọmọ ibẹ̀, lè gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú rẹ̀ padà lábẹ́ òfin 9225 ti ọdún 2003: yóò búra ní ọ́fíìsì aṣojú Philippines ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní pàdánù ìwé ọmọ Ìlú Ọba rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní di ọmọ-ìlú nípa ìbúra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi owó yín ra ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò wà lórí ìwé. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin Jámánì kan tó fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Antipolo lórúkọ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó túká, ó ní kí wọ́n dá owó ilẹ̀ padà fún òun. Ilé ẹjọ́ kọ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé òfin kò gbà á kó tó sanwó.

N kò sọ pé ọkọ yín yóò ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ikú ni mo ń rò. Òfin ìpìlẹ̀ yẹn fi àyè sílẹ̀ fún ogún: bí ọkọ bá kú, aya tó jẹ́ àjèjì lè jogún ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú àwọn ajogún yòókù ni, ẹ sì lè bá ara yín ní kọ́ọ̀tù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ẹkún kò tíì gbẹ lójú yín. Ọ̀nà tó dára jù wà. Àjèjì lè ní fúláàtì nínú kọ́ńdò, ilé ńlá tí oníkálukú ti ní fúláàtì tirẹ̀, lórúkọ ara rẹ̀, bí ìpín àwọn àjèjì nínú ilé náà kò bá kọjá 40 nínú 100. Iloilo kún fún irú rẹ̀ báyìí, pàápàá ní Mandurriao, lórí ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́. Bí ọdún ìdánwò bá dára, ẹ ra kọ́ńdò kékeré kan lórúkọ ẹ̀yin fúnra yín. Kó ní ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ẹ ní òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé yín kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Owó wá kù, ìròyìn ayọ̀ sì ni èyí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn March 1961 yóò dúró di ẹni ọdún 67 kí ẹ tó gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba. Bí ẹ bá lọ gbé ní Nàìjíríà, iye tó bá wà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbẹ̀ ni yóò dúró sí títí tí ẹ ó fi kú, ìjọba kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ní Philippines, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún bí ẹni pé ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àdéhùn tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Láàárín ogún ọdún, ìyàtọ̀ yẹn lè tó owó ilé kan. Owó ìfẹ̀yìntì NHS, àjọ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ní tirẹ̀ ń pọ̀ sí i níbikíbi tí ẹ bá wà. Ìjọba Philippines kò sì ń gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì tó ti òkè òkun wá.

Lẹ́yìn ìbúra, bí ọkọ yín bá ti gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, yóò gba káàdì àgbàlagbà lọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní OSCA. Káàdì náà ń dín ìpín 20 nínú 100 kù lórí oògùn, dókítà, oúnjẹ ilé àrójẹ àti owó ọkọ̀, ó sì ń yọ owó orí ọjà kúrò. Ẹ̀yin kò ní rí i gbà, ọmọ-ìlú nìkan ló wà fún. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ NHS yóò sì dópin fún yín méjèèjì lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kúrò ní Ìlú Ọba pátápátá. Nítorí náà ẹ wá ìbánigbófò ìlera nísinsìnyí tí ẹ kò tíì pé 65, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gba ẹni tuntun tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n gbé iye rẹ̀ ga rékọjá.

Ẹ kò béèrè bí ara yóò ṣe rí fún yín níbẹ̀, síbẹ̀ mo fẹ́ sọ ọ́. Ìlú baba ọkọ yín ni ẹ ń lọ, kì í ṣe tiyín. Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà yín dé báǹkì àti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ Hiligaynon díẹ̀, nítorí ẹ̀rín inú agbo ilé kì í jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn yóò wò yín lójú pópó, àwọn ọmọdé yóò fẹ́ fọwọ́ kan irun yín. Ọṣẹ ìbóra wà ní gbogbo ìsọ̀, ìyẹn sì lè dun obìnrin dúdú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ ṣáájú pé òun ni yóò dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lóhùn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ní ti oúnjẹ, ọkàn yín á balẹ̀: ube tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo àkàrà òyìnbó aláwọ̀ àlùkò wọn, ewùrà ni. Ìkọ́kọrẹ́ kò ní wọ́n yín, edé àti ẹja sì pọ̀. Epo pupa ni kí ẹ rù lọ.

Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ẹ kò bá tíì fi ìgbéyàwó yín tó ọ́fíìsì aṣojú Philippines létí, ẹ ṣe ìyẹn ná. Ìwé Report of Marriage ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì sábà máa ń béèrè rẹ̀ fún físà aya. Lẹ́yìn náà kí ọkọ yín lọ búra. Bí ẹ bá jọ wọlé pọ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba yín, òfin balikbayan yóò fún yín ní ọdún kan láìsan owó físà. Ẹ má lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà níbẹ̀, nítorí ó nílò físà ṣáájú. Ọdún kan yẹn ni ọdún ìdánwò yín. Ẹ dé ibẹ̀ ní June, kí òjò àti ìjì lè bá yín nínú ilé àháyà, kí ẹ sì rí bí omi ṣe ń ṣàn ládùúgbò náà. Ẹ fi ilé yín ní Ìlú Ọba háyà, ẹ má tà á. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè físà aya, tí wọ́n ń pè ní 13(a), lọ́dọ̀ Bureau of Immigration kí ọdún náà tó pé: ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, lẹ́yìn náà ó di títí láé, ẹ ó kàn máa lọ fara hàn wọ́n láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan. Orí ìgbéyàwó ni físà náà dúró lé, nítorí náà ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, ẹ bi lọ́yà ibẹ̀ léèrè, níwájú ọkọ yín, ohun tí opó gbọ́dọ̀ ṣe kí ó lè dúró sí ìlú náà.